Màmá Di Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Dókítà Ojú mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé ọ̀gá rẹ ò tíì tún fi ìbínú gé dígí awò ẹni ẹlẹ́ni ní gékúgèé? Èmi wà pa. Òtútù ibí ti bẹ̀rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń wọ̀ lé ara wọn. Yàrá mi wà lókè pátápátá, àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀, àmọ́ fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé ìkàwé, orí mi sì máa ń wú tí mo bá jí tí mo rí i. Ìyá àgbà bíi tèmi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tó tún ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ iléèwé. Má rẹ́rìn-ín.

O ò ní gba ohun tí mo fẹ́ sọ yìí gbọ́. O mọ̀ pé owó iléèwé tí mo mú wá kò lè kọjá ọdún kan, ọdún méjì sì ni wọ́n fi ń gboyè másítà nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn. Mo ti gba kámú pé tí ọdún kan bá pé, màá di ẹrù mi, màá gbé ìdajì ìwé wálé. Ó wá di ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo lọ dá ìwé padà sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wa, akọ̀wé ibẹ̀ ní, "Mà, ṣé ẹ ti gbọ́ pé àyè amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣà kan ti ṣí?" Ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ló ríṣẹ́ síbòmíì, ló bá fi wọ́n sílẹ̀ láàárín sáà. Iṣẹ́ náà ni kéèyàn máa ran ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n á kọ́ gbogbo àwọn ọmọ ọdún kìíní pa pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ á wá pín wọn sí kíláàsì kéékèèké, á bá wọn jíròrò ohun tí wọ́n gbọ́, á máa máàkì iṣẹ́ wọn, á sì máa jókòó lọ́fíìsì nígbà kan lọ́sẹ̀ de ẹni tí ọ̀rọ̀ ò bá yé. Wọn ò ní gba owó iléèwé lọ́wọ́ onítọ̀hún mọ́, wọ́n á tún máa fún un lówó oúnjẹ lóṣooṣù. Ara mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ Ìmọ̀ Bíbélì ní sẹ́kọ́ńdìrì. Tí iṣẹ́ kan bá wà tí wọ́n dá mọ́ mi, òun nìyí.

Àmọ́ gbọ́ ibi tọ́rọ̀ ti yíwọ́. Kì í ṣe kíláàsì Bíbélì ni àyè ti ṣí, kíláàsì ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni. Mo bi Ọlọ́run bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kò dá mi lóhùn. Mo ṣáà ti forúkọ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà, obìnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù ọ́ lọ, ní kí n wá kọ́ kíláàsì kan níṣojú òun kí òun fi wo ọwọ́ mi.

Jọ̀ọ́, bá mi ṣe awò ojú tuntun. Èyí tó wà lójú mi ti ń kú lọ, ńṣe ni lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà ń sá fún mi.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọkùnrin oní-fíríìjì tó o fẹ́ fẹ́ yẹn, mi ò tíì yí ohùn padà. Mùsùlùmí ni, Kìrìsìtẹ́nì ni wá, mi ò ní jókòó síbi ìgbéyàwó yẹn. Òun náà ló jẹ́ ká pa fóònù tì ká máa kọ̀wé, torí pé gbogbo ìgbà tá a bá ti pe ara wa, ìjà la máa ń jà. Má fi í sínú lẹ́tà rẹ.

Èmi ni màmá rẹ tó ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe nítorí òtútù nìkan.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá

Màmá mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìwé kíkà, ẹ kú àtẹ̀gùn gígùn. Ẹ̀yìn káńtà níbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì pariwo débi pé oníbàárà tó ń ka lẹ́tà ara ògiri gbàgbé ibi tó kà á dé, a ní láti tún ojú rẹ̀ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ bínú. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó ní kí n kí yín. Ó ní ẹ kọ́ òun náà nígbà kan, pé ẹ lé òun jáde ní kíláàsì torí pé òun ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n Màmá, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ta ni? Ẹ̀yin tí ọ̀gá iléèwé pàápàá máa ń yà fún tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀? Ṣé ẹ máa lè gba àṣẹ lẹ́nu ọmọdé? Mi ò fi yín ṣẹ̀sín o, mo kàn ń rò ó ni. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá bi yín ní ohun tẹ́ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ó máa ṣòro fún yín díẹ̀.

Ní ti awò, ẹ lọ yẹ ojú wò níbẹ̀ kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín ránṣẹ́. Ẹ má ṣe bíi tọjọ́sí, tẹ́ ẹ ti há gbogbo lẹ́tà ara ògiri sórí kí wọ́n tó pè yín wọlé. Èmi fúnra mi ni màá gé dígí rẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí ọ̀gá mi fọwọ́ kàn án.

Ẹ ní kí n má fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú lẹ́tà. Mo ti fi í sí i. A ti mú ọjọ́: Sátidé kẹta nínú oṣù kejìlá, ní kọ́ọ̀tù, àwa àti èèyàn díẹ̀. Kò ní kí n yí ẹ̀sìn padà, èmi náà ò ní kó yí tirẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀, Màmá. Bàbá mi ò sí mọ́, ìyá mìíràn ò sì sí fún mi níbì kankan. Tẹ́ ò bá wá, kò sẹ́ni tó máa jókòó síhà ọ̀dọ̀ tèmi. Ẹ bá mi rò ó.

Mò ń gbàdúrà fún kíláàsì yín. Òun náà ní kí n sọ fún yín pé òun ń gbàdúrà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá

Dókítà Ojú,

Jókòó kó o tó máa kà á lọ. Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé mo rántí rẹ̀ dáadáa, pé kì í ṣe torí ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù ni mo fi lé e jáde, torí pé ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àga mi ni.

Àná ni mo kọ́ kíláàsì náà. Yàrá kékeré kan ni, tábìlì gígùn wà láàárín, àga yí i ká, ẹ̀rọ amúlégbóná sì ń ké fíín-fíín lábẹ́ fèrèsé. Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n jókòó, ẹnì kan nínú wọn ń jẹ búrẹ́dì. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú àga kan sẹ́yìn, ó di bíró mú. Mo ti múra sílẹ̀ gidi gan-an. Bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni màá kọ́ wọn, mo sì ti kà á ní àkàtúnkà. Mo dìde, mo wo ojú gbogbo wọn, ara mi wá rántí iṣẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Mo di ojú, mo sì bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ mí, mi ò mọ àdúrà kúkúrú gbà. Mo dúpẹ́ ẹ̀mí, mo fi ọ̀nà àwọn ọmọ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo tọrọ ọgbọ́n àti òye. Ìgbà tí mo ní "ní orúkọ Jésù" tí mi ò gbọ́ Àmín ni mo tó rántí ibi tí mo wà. Lẹ́nu ẹ̀kọ́ tiwa níbí, èèwọ̀ gbáà ni. Tíṣà kì í fi ẹ̀sìn tirẹ̀ han àwọn ọmọ rárá, ká má tíì wá sọ pé yóò gbàdúrà lé wọn lórí, nínú kíláàsì Ìsìláàmù. Mo la ojú kan, mo wo ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò kọ nǹkan kan, bíró rẹ̀ kàn dúró sókè ni. Ọmọ oníbúrẹ́dì ti gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀.

Mi ò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró dè mí. Níbi tí mo ti ń bọ̀, bí tíṣà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì nìyẹn. Ó yá, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Kí lẹ rí?" Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní ohùn mi yí padà. Òmíì ní mo kó ọwọ́ méjèèjì jọ sáyà, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì ló wà tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé wá ní, "Ó jọ pé ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú yàrá, ó sì dá yín lójú pé ó ń gbọ́." Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Mo bi í bóyá ó ti rí ẹlòmíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bàbá òun, lórí ẹní, láràárọ̀. Bá a ṣe bọ́ sórí irun kíkí nìyẹn, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, tí ohun tó ń jáde lẹ́nu mi ò sì ju ìbéèrè lọ. Nígbà tí àkókò tó, wọn ò fẹ́ dìde.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sọ ju "Ẹ ṣeun, Mà" lọ. Ó ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Oúnjẹ ò wọ̀ mí. Mo ti lọ wo àpótí lẹ́tà ìsàlẹ̀ títí aṣọ́nà fi bi mí pé ta ni mò ń retí. Ó dáa ni o, kò dáa ni o, mo gbádùn ọjọ́ àná, Dókítà Ojú. Ó ti pẹ́ jọjọ tí mo ti bi ọmọ kíláàsì ní ohun témi fúnra mi ò mọ̀. Ó dùn mọ́ mi débi pé orin ni mò ń kọ gun àtẹ̀gùn.

Nọ́ńbà ojú mi wà lẹ́yìn ìwé yìí. Mi ò há nǹkan kan sórí lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti mọ irú wa níbí, ńṣe ni wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́tà náà.

Màmá rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá

Màmá mi,

Ẹ kú ewu kíláàsì. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mo ka ibi àdúrà yẹn fún àfẹ́sọ́nà mi, ó fọwọ́ lu orúnkún, ó ní ká ní òun wà níbẹ̀ ni, òun ì bá bá yín ṣe Àmín kójú má baà tì yín.

Lẹ́yìn tó lọ, mo tún lẹ́tà náà kà, inú mi wá bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà. Ẹ ò dá mi lóhùn, Màmá. Ẹ kọ ojú ìwé rẹpẹtẹ lórí àwọn ọmọ tẹ́ ò mọ̀ rí, ẹ ò kọ ìlà kan ṣoṣo lórí ìgbéyàwó mi. Ẹ bi ọmọ Mùsùlùmí kan nípa àdúrà, ó sọ ti bàbá rẹ̀ fún yín, ẹ tẹ́tí sí i, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú yín. Ọkùnrin yìí wá kí yín nílé. Ìbéèrè kan péré lẹ bi í, ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lọ. Bó ṣe ní òun kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ dìde, ẹ wọ kíṣìnnì lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fọ abọ́ tó ti mọ́. Èmi àti òun jókòó ti ariwo abọ́. Nígbà tó rí i pé ẹ ò ní jáde mọ́, ó bá wa tún fíríìjì pálọ̀ tó ti ń jò látọjọ́ yìí ṣe, ó nu ilẹ̀ ibẹ̀, ó ní kí n bá òun sọ fún yín pé ó dàárọ̀. Omi tútù inú fíríìjì yẹn lẹ ń mu títí tẹ́ ẹ fi wọ bàálù.

Mi ò bá yín jà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mọ̀ pé ẹ máa gba iṣẹ́ náà, ó dá mi lójú, kò sẹ́ni tó máa rí yín níbẹ̀ tí kò ní mú yín. Ẹ wá máa di ìyá fún gbogbo ọmọ tó bá wọ yàrá yẹn, inú lẹ́tà lèmi á sì ti máa kà nípa rẹ̀.

Awò yín ti wà lọ́nà, mo fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ má gbé e lé orí àga o, ẹ ti jókòó lé méjì rí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kọkànlá

Dókítà Ojú,

Mo gbà á. Jẹ́ kí n tún un kọ, torí pé ọwọ́ mi ń gbádùn rẹ̀: mo gbà á o.

Àárọ̀ yìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ fàáké kọ́rí, pé ẹni tó gbàdúrà ní kíláàsì lónìí, ta ló mọ ohun tó máa ṣe lọ́la. Òun wá sọ fún wọn pé ó ti pẹ́ tóun ti ń wá ẹni tó lè gbé àdúrà ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì kí àwọn ẹlòmíì máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò sì ní bínú. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní dán irú rẹ̀ wò mọ́. Mo ṣèlérí. Orí àtẹ̀gùn ni màá ti máa gba tèmi báyìí kí n tó wọlé, ojú mi á là sílẹ̀ kedere, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Wọ́n fún mi ní tábìlì nínú ọ́fíìsì kan tí àwa mẹ́ta jọ ń lò, àwọn méjì tó kù kéré sí ìwọ gan-an. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n kọ orúkọ mi sẹ́nu ọ̀nà, mo sì ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà láìní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀. Mo jó dé iwájú tábìlì akọ̀wé ẹ̀ka, òun náà sì dìde bá mi jó, jíjó tí kò mọ̀ ọ́n jó. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń máàkì lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n yé kọ "Kò dáa" sí iṣẹ́ àwọn ọmọ, kí n máa kọ "Kí ló mú ọ sọ èyí?" Mo ní ọwọ́ mi á kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Tó ò bá gbúròó mi títí àwọn ọmọ yìí fi máa ṣèdánwò nínú oṣù kejìlá, má bínú, àyè ni ò ní sí. Bá mi yọ̀ o.

Màmá rẹ, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá

Màmá,

Ẹ kú oríire. Inú mi dùn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ. Mo ka lẹ́tà yín fún ọ̀gá mi, ó pàtẹ́wọ́.

Mo ti rí i pé ẹ ò ní ráyè kọ̀wé títí di ìgbà ìdánwò. Ìgbà yẹn náà ni ìgbéyàwó mi. Mo bi yín léèrè, mo sọ ohun tó ń dùn mí fún yín, èsì tẹ́ ẹ fún mi ni pé àyè ò sí. Ó ti yé mi. Mo ti bẹ ìyàwó ọ̀gá mi pé kó bá mi jókòó síhà ọ̀dọ̀ tèmi lọ́jọ́ náà, ó sì ti gbà. Mi ò ní dà yín láàmú mọ́.

Ẹ máa wọ aṣọ tó nípọn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Mi ò ní pè ọ́ ní Dókítà Ojú lónìí. Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá rẹ, mo kí ìyàwó rẹ̀ tó gbà láti jókòó sí àyè mi.

Lẹ́tà tó o fi bá mi wí àti èyí tí mo fi ń jó pàdé lójú ọ̀nà, wọn ò kí ara wọn. Mi ò tíì rí tìẹ nígbà tí mo kọ tèmi. Ìgbà tí tìẹ dé, awò wà pẹ̀lú rẹ̀, mo wọ̀ ọ́, òun ni mo sì fi ka gbogbo ohun tó ń dùn ọ́, ó hàn ketekete. Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo kọ èsì tó gbóná, mo ya á. Mo kọ òmíì, mo tún ya á. Ẹnu rẹ̀ ni mo wà tí lẹ́tà rẹ kejì fi dé, ìyẹn ò tiẹ̀ gbóná rárá, òun ló sì dùn mí jù.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ yìí. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ní ká jíròrò ni ìdílé tí ẹ̀sìn méjì wà nínú rẹ̀. Mi ò bá a sọ nǹkan kan nípa wa o, bí ẹ̀kọ́ náà ṣe tò láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà nìyẹn. Mo wọlé, mo ń bi wọ́n léèrè, bí iṣẹ́ mi ṣe gbà. Ọ̀kan ní ibi tí bàbá òun ń jọ́sìn kọ́ ni màmá òun ń jọ́sìn, àmọ́ ẹni tó máa da ilẹ̀ nù ni wọ́n máa ń torí ẹ̀ jà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ẹ̀bá fèrèsé wá ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, bàbá àwọn ò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Ó ní, "Mà, ó máa ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó bá ń ṣàdúà. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Ṣùgbọ́n kò pè é rí." Ọmọ oníbúrẹ́dì kọjú sí mi, ó ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ̀ ń bi wá látọjọ́ yìí. Tó bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́?"

Òfin wà pé kí n má dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún wọn pé òfin wà, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe òfin ló dí mi lẹ́nu. Ká ní kò sí òfin, kí ni ǹ bá sọ? Pé mo lọ fọ abọ́? Ojú tì mí, ọmọ mi. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo jókòó síbẹ̀ láì bọ́ kóòtù ọrùn mi, títí àwọn méjì yòókù fi bi mí bóyá ara mi ò yá.

Èmi náà kì í dìde lórí eékún láì dárúkọ rẹ. Mo ti rò pé ìyẹn tó.

Mò ń bọ̀. Mo ti bá ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, màá máàkì ìwé ìdánwò wọn parí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, màá wọ bàálù lọ́jọ́rú, màá sì padà síbí kí sáà tuntun tó wọlé. Bá mi bẹ ìyàwó ọ̀gá rẹ kó jókòó tẹ̀ lé mi, àyè tèmi ni tèmi. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ̀yin méjèèjì pọ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́ ọmọ, bó ṣe máa rí tí ọ̀kan bá ń gbààwẹ̀ tí èkejì ń jẹun. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín, mi ò sì ní dìde. Inú mi ń dùn, o mọ̀? Mo rò pé ìpayà ló máa bá mi, inú dídùn ló bá mi. Mo ti ra bàtà tí màá wọ̀, mo ń wọ̀ ọ́ rìn nínú yàrá kó lè gbà mí lẹ́sẹ̀.

Ohun kan ló kù. Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ rẹ, mo fẹ́ dárúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, mo wá rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n. Oní-fíríìjì ni mo ń pè é látọjọ́ tó ti wá. Ó dájú pé ó sọ ọ́ fún mi ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni etí mi ò sí níbẹ̀. Má kọ ọ́ ránṣẹ́, lẹ́tà á pẹ́ jù. Bí ìwé yìí bá ṣe ń tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pè mí lórí fóònù. Mi ò ní jà. Pè mí, kó o sọ orúkọ ọkọ rẹ fún mi.

Màmá rẹ